Jíìpù Kan, Orúkọ Púpọ̀: Ìtàn Honda Passport

Adétòkunbọ̀ ni orúkọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ìlú Chicago ni wọ́n bí mi sí. Olùkọ́ wa ní kí kálukú mú fọ́tò àtijọ́ kan wá láti ilé, kí ó kọ ìtàn ohun kan tó wà nínú ẹ̀. Ẹnì kan mú gèlè, ẹnì kan mú ìlù gángan. Èmi mú jíìpù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Nínú fọ́tò yẹn, Dádì mi wọ kóòtù ńlá kan, yìnyín kún ilẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù dúdú kan bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ọdún 2005 ni. Wọn ò tíì fẹ́ Mọ́mì mi nígbà yẹn. Honda Passport ni jíìpù náà, ti ọdún 1999, òun sì ni mọ́tò àkọ́kọ́ tí Dádì mi rà ní Amẹ́ríkà. Jíìpù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé. Ti ẹ̀gbọ́n Dádì mi ni, àwọn tí a máa ń pè ní Dádì Indy nítorí pé Indianapolis ni wọ́n ń gbé. Isuzu Rodeo ni tiwọn. Mo wo jíìpù méjèèjì títí, mo ní, "Dádì, ṣé ìbejì ni wọ́n ni?" Dádì mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn àti Bọ̀dá àwọn fi odidi oṣù mẹ́ta jiyàn lé lórí nìyẹn.

Dádì mi ní Honda ni àwọn rà, Honda kì í ṣe ẹgbẹ́ Isuzu rárá. Dádì Indy ní kí wọ́n lọ jókòó jàre, owó orúkọ ni wọ́n san. (Lóòótọ́, owó tí Dádì mi san ju ti Bọ̀dá wọn lọ. Mi ò ní sọ iye ẹ̀ níbí, torí wọ́n ní kí n má sọ ọ́.) Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Bàbá yẹn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì, wọ́n yọ asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì Rodeo, wọ́n fi sínú Passport. Ó wọlé wẹ́kú. Wọ́n wá nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹ lọ jẹun."

Èmi àti olùkọ́ wa jọ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a fi ẹnu kò sí "àtúnsọ orúkọ." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ilé-iṣẹ́ kan ṣe mọ́tò, ilé-iṣẹ́ kejì gbà á, ó yọ àmì ti àkọ́kọ́ kúrò, ó lẹ àmì tirẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fún un ní orúkọ tuntun, ó wá ń tà á bíi pé òun ló bí i.

Kí ló dé tí Honda fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, jíìpù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń rà bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Ford gbé Explorer jáde ní 1990, ó sì tà wìtìwìtì. Honda ní Civic, ó ní Accord, mọ́tò tó dáa gan-an ni wọ́n, àmọ́ kò ní jíìpù kankan láti tà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń wá jíìpù, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa náwó ẹ̀ sí. Kí èèyàn tó ṣe jíìpù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó rẹpẹtẹ. Wọ́n máa yà á sórí ìwé, wọ́n máa ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀, wọ́n á tún mọ̀ọ́mọ̀ fi gbá ògiri kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú ẹ̀ máa yè. Honda ò fẹ́ dúró tó bẹ́ẹ̀.

Isuzu ní tiẹ̀ mọ jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù ṣe dáadáa, àmọ́ mọ́tò kékeré ò mú èrè wá fún un mọ́. Ní ìparí 1992, ó kéde pé òun máa fi iṣẹ́ mọ́tò kékeré sílẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹnì kan ní iṣu, kò ní epo, ẹnì kejì ní epo, kò ní iṣu. Ní ìparí 1993, Rodeo tí wọ́n lẹ àmì Honda mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta Honda, Passport ti ọdún 1994 ni wọ́n pè é. Òun ni jíìpù àkọ́kọ́ tí Honda tà ní Amẹ́ríkà. Isuzu náà gba tiẹ̀ padà. Ní Jàpáànù, Honda Domani di Isuzu Gemini, Accord sì di Isuzu Aska. Ní Amẹ́ríkà níbí, láti 1996, ọkọ̀ ńlá elébi tí Honda ń pè ní Odyssey di Isuzu Oasis. Dádì mi ní àáró ni wọ́n ń ṣe. Fún àwa tí a ò tíì rí oko rí: àáró ni pé kí n bá ọ ro oko tìẹ lónìí, kí ìwọ náà wá bá mi ro tèmi lọ́la.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ìyàwó ọmọ Dádì Indy bímọ ọkùnrin, gbogbo wa sì wa mọ́tò láti Chicago lọ sí Indianapolis fún ìsọmọlórúkọ. Ọ̀nà I-65 ni a gbà. Nígbà tí a dé Lafayette, Dádì mi dẹ ìrìn, wọ́n ní, "Tòkunbọ̀, wo ilé ńlá yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Passport mi."

Ilé-iṣẹ́ tí à ń wò yẹn, Subaru àti Isuzu ló da owó pọ̀ kọ́ ọ. Ní 1987 ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1989. Subaru Legacy ń jáde níbẹ̀, píkọ̀ọ̀pù Isuzu ń jáde, Rodeo náà ń jáde. Honda ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Marysville ní ìpínlẹ̀ Ohio, tó bá Indiana pààlà, ó sì ti ń ṣe Accord níbẹ̀ láti 1982. Síbẹ̀, Passport kankan ò ti ibẹ̀ jáde nígbà yẹn. Ọwọ́ kan náà tó dè bóòtù Rodeo ló ń dè ti Passport. Bí jíìpù bá ti parí, ẹni kan á lẹ àmì Isuzu mọ́ eléyìí, á lẹ àmì Honda mọ́ ìyẹn, wọ́n á pínyà ní ẹnu ọ̀nà.

Àmọ́ àmì kan wà lára mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Ẹ lọ wo gíláàsì iwájú mọ́tò yín níbi ìjókòó awakọ̀, ẹ máa rí lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó tò tẹ̀léra. Tó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Tó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Jàpáànù ni. 2 ni ti Kánádà, 3 ni ti Mẹ́síkò. Rodeo tó ti Lafayette jáde, 4S2 ló fi bẹ̀rẹ̀. Passport, 4S6. Gbogbo ariwo tí Dádì mi àti Dádì Indy pa fún oṣù mẹ́ta, kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàrin 2 àti 6 lọ! (Mo yẹ mọ́tò àwọn olùkọ́ wa wò níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ọ̀kan tí gbogbo wa rò pé láti Jàpáànù ló ti wá, 1 ló fi bẹ̀rẹ̀.)

Nígbà tí a dé ibi ìsọmọlórúkọ, wọ́n fi omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare wúre fún ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ju owó sínú abọ́, kálukú ń sọ orúkọ tirẹ̀. Mo kà á, orúkọ mẹ́sàn-án ni ọmọ náà gbà láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun nìkan ló sì sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí. Dádì Indy ni wọ́n kọ́kọ́ sọ tiwọn, wọ́n ní Babátúndé. Ohùn wọn ò jáde dáadáa. Bàbá àgbà wa, bàbá tó bí Dádì mi àti Dádì Indy, ló kú ní ọdún tó kọjá ní Ìbàdàn.

Jíìpù yẹn náà, ẹ wo iye orúkọ ẹ̀. Ní Jàpáànù ní 1989, Isuzu MU ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ilẹ̀kùn méjì ló ní. Èyí tó wá sí Amẹ́ríkà ń jẹ́ Amigo, ìyẹn ọ̀rẹ́ ní èdè Sípéènì. Nígbà tí wọ́n ṣe é gùn, tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó di Rodeo. Ní Ìlú Ọba, ní Luton, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1991. Vauxhall Frontera ni orúkọ ẹ̀ níbẹ̀, Opel Frontera ní Jámánì àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù yòókù, Holden Frontera ní Ọsirélíà. Honda tún gba MU kúkúrú yẹn ní Jàpáànù ní 1993, ó pè é ní Jazz. Ẹ̀yin ìbátan wa tí ẹ wà ní London, Jazz kékeré tí ẹ mọ̀ yẹn kọ́ o, ìyẹn ò bá a tan. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹnubodè ni Frontera túmọ̀ sí ní èdè Sípéènì. Passport sì ni ìwé ìrìnnà. Mọ́tò kan náà ni ẹnubodè, òun náà ni ìwé tí a máa fi kọjá ẹnubodè ọ̀hún. Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì mi, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí mo bá mọ bí àwọn ṣe pẹ́ tó lórí ìlà kí àwọn tó rí físà gbà, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní 2008, Dádì mi fi Passport wọn ránṣẹ́ sí Nàìjíríà nínú ọkọ̀ ojú omi, Bàbá àgbà ló ń lò ó. Bí ó ṣe dé Èkó ni ó tún gba orúkọ mìíràn: tòkunbọ̀. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè kí ó tó dé ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ mi náà nìyẹn o! Ó ti òkun bọ̀. Ní ọjọ́ kan, bíréèkì mọ́tò náà jẹ tán gẹ́gẹ́ bí bíréèkì ṣe máa ń jẹ, Bàbá àgbà sì rán ẹnì kan lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Páálí tó gbé dé, Isuzu Rodeo ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Bàbá àgbà fi ìbínú pe Chicago, wọ́n ní Honda ni àwọn béèrè, èwo ni ti Rodeo? Dádì mi ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́ ọn." Wọ́n dè é, ó sì bá a mu. Dádì Indy gbọ́, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ 2005 láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé orúkọ ò já mọ́ nǹkan kan. Ní 2010, wọ́n rí i pé ṣásí àwọn Rodeo àti Passport ti ọdún 1998 sí 2002 lè dógùn-ún níbi tí wọ́n ti so apá táyà ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ṣásí ni egungun ẹ̀yìn mọ́tò, òun ni wọ́n gbé gbogbo ara tó kù lé. Tí ibẹ̀ bá jẹrà tán, apá yẹn lè já, mọ́tò á sì ṣòro láti darí. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ló ń jẹ irin bẹ́ẹ̀. (Iyọ̀ tí wọ́n fi wúre fún ọmọ tuntun, ẹ rí ohun tó ń fi ojú irin rí.) Iyọ̀ ò wo àmì iwájú. Ó jẹ 4S2, ó jẹ 4S6. Wọ́n pe méjèèjì padà kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tó ní Rodeo, Isuzu ló kọ̀wé sí wọn. Àwọn tó ní Passport, Honda ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Honda kọ́ ló ṣe ṣásí yẹn. Olùkọ́ wa ní kí n wo ọ̀rọ̀ Yorùbá kan dáadáa níbí. A máa ń sọ pé, "Kí ni o ń jẹ́?" A tún máa ń sọ pé, "Mo pè é, ó sì jẹ́." Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ló máa jẹ́ nígbà tí wọ́n bá pè é. Honda fi orúkọ ẹ̀ sí i, ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ náà, òun ló jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìwé wa, nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ ní kíláàsì, olùkọ́ mi ní iléèwé òyìnbó wo orúkọ mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ṣé àwọn lè máa pè mí ní Toby. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Láti ìgbà náà, wọ́n ń pe Toby, mo ń jẹ́. Ọjọ́ kan, Mọ́mì wá mú mi níléèwé, ọ̀rẹ́ mi kan sì pariwo "Toby!" lójú wọn, mo dáhùn. Mọ́mì ò sọ nǹkan kan, àní títí a fi délé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsọmọlórúkọ yẹn, mo lọ bá olùkọ́ mi, mo kọ orúkọ mi sórí pátákó, mo fi ìlà gé e sí mẹ́ta: Tò-kun-bọ̀. Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n ń pè é bí ẹni tó bu ata jẹ, àmọ́ wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ṣì ń pe Toby, mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn jíìpù. Ní 2002, Honda gbé Pilot jáde, èyí tó ṣe fúnra ẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì nílò Rodeo ẹlòmíràn mọ́. Passport parí ní ọdún yẹn. Isuzu fi ilé-iṣẹ́ Lafayette sílẹ̀ fún Subaru, Rodeo parí ní 2004, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, Isuzu ò ta jíìpù kankan mọ́ ní Amẹ́ríkà, àfi ọkọ̀ akẹ́rù. Ní oṣù kọkànlá 2018, ní Los Angeles, Honda fi jíìpù tuntun han aráyé. Orúkọ ẹ̀ ni Passport! Lincoln ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti ń ṣe eléyìí, ọ̀dọ̀ Honda gan-an. Kò sí Isuzu kankan nínú ẹ̀. Kò tiẹ̀ ní ṣásí bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù mọ́, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni egungun ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù, mo rí i nígbà tí mo rò pé mo ti kọ ọ́ tán. Passport ti dúdú yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, alùpùpù kékeré kan wà tí Honda ń tà ní Amẹ́ríkà, C70 Passport ni wọ́n ń pè é. Mo fi àwòrán ẹ̀ han Dádì mi. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. C70 yẹn ni Bàbá àgbà máa ń gùn lọ síléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ, Dádì mi á jókòó síwájú, Dádì Indy á jókòó sẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni ò pè é ní Passport. Máṣíìnì Bàbá ni.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ láti Indianapolis, kí a tó dé Lafayette, jíìpù tuntun kan ya wá sílẹ̀. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀, mo ní, "Dádì, Passport!" Wọ́n wò ó lọ. Wọ́n ní, "Orúkọ ẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ òun fúnra ẹ̀."

Mo ní, "Babátúndé ńkọ́? Ṣé Bàbá àgbà ló padà wá ni, àbí orúkọ wọn nìkan?"

Mọ́mì fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Dádì mi wa mọ́tò lọ, a kọjá ilé ńlá yẹn, wọn ò dẹ ìrìn níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Etí ọmọ náà jọ ti Bàbá."